Panápaná Tó Fẹ́ Jẹ Káńsẹ́lọ̀ ní Manquilco

Àwọn ọmọ iléèwé Manquilco mọ Nolfa Riquelme sí ẹni tó ń se oúnjẹ ọ̀sán wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Bí ọmọ kan bá fi ẹ̀wà sílẹ̀ nínú abọ́, kò ní bá a wí, yóò kàn nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ ìdáná, yóò dúró tì í títí ojú yóò fi ti ọmọ náà tí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Àwọn òbí wọn ní tiwọn mọ̀ ọ́n sí panápaná. Ó ju ogún ọdún lọ tó ti ń sáré tẹ̀lé fèrè iná ní ìlú wa, kò sì gba owó péésò kan rí lórí rẹ̀, torí kò sí panápaná kankan lọ́dọ̀ wa tó ń gbowó oṣù. Awakọ̀ wà nínú wọn, tíṣà wà nínú wọn, aránṣọ wà nínú wọn. Tí fèrè bá ti dún, kálukú á ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á gba ilé ọkọ̀ panápaná lọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́dún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ, ilé ìyá rẹ̀ jóná. Ilé pákó ni, àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́. Manquilco kò tíì ní ọkọ̀ panápaná nígbà náà. Ìlú tó wà lódìkejì odò ni ọkọ̀ ti ní láti wá, ìgbà tó sì fi máa dé, eérú ló kù tó ń da omi sí. Àwọn aládùúgbò rí àga kan fà yọ. Orí rẹ̀ ni ìyá náà jókòó sí, ó gbé adìyẹ kan lé itan, ó ń wo ibi tí yàrá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn panápaná ń ká rọ́bà omi wọn, ó ní, "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀nà yín jìn." Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí Nolfa nínú. Kì í ṣe àwọn ọkùnrin náà ló ń bínú sí. Ohun tó ń dùn ún ni pé ìyá òun ní láti máa dúpẹ́ lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí ṣe.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn ọkùnrin kan dá ẹgbẹ́ panápaná sílẹ̀ ní ìlú wa. Alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ Don Evaristo Oyarce ni ọ̀gá wọn; Don là ń pe ọkùnrin tá a bọ̀wọ̀ fún, Doña là ń pe obìnrin. Wọ́n rí ọkọ̀ àlòkù kan gbà láti òkè òkun, ọkọ̀ tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Nolfa lọ bá Don Evaristo pé òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́.

"Ọmọ mi," ni Don Evaristo wí, "ẹni tó máa po tíì ló kù tí a ò tíì ní."

"Màá pò ó," ni Nolfa wí.

Ó po tíì fún wọn títí, bó ṣe ń pò ó ló ń wo bí wọ́n ṣe ń so rọ́bà mọ́ ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe ń tú u, ibi tí ọwọ́ ń wà àti ibi tí ẹsẹ̀ ń wà. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí púpọ̀ nínú wọn ti mutí yó níbi ìgbéyàwó, ahéré kan gbiná létí odò. Òun ló di orí rọ́bà mú lọ́jọ́ yẹn, kò sì jù ú sílẹ̀ títí iná fi kú. Nígbà tí wọ́n padà dé, Don Evaristo ṣí akoto orí ara rẹ̀, ó gbé e lé Nolfa lórí, ó wá kọjú sí àwọn tó kù.

"Ẹ wá ẹlòmíì tó máa po tíì."

Láti ìgbà náà, kò sí irú iṣẹ́ tí kò bá wọn dé. Iná ilé, iná igbó, ọkọ̀ tó dojú dé ní kọ́nà, ẹṣin tó já sí kànga, arúgbó tí odò ká mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ̀rọ ọkọ̀ wọn bá kọṣẹ́, òun ni yóò kó àwọn obìnrin jọ láti din àkàrà elégédé tà ní gbàgede ìlú títí owó àtúnṣe yóò fi pé. Nígbà tó yá, wọ́n tún fi ṣe alága ìgbìmọ̀ omi. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ nìyẹn náà, iṣẹ́ tó jẹ́ pé tí omi ò bá yọ lọ́jọ́ Àìkú, ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọn ó wá kàn. Tí wọ́n bá bi Eleodoro ọkọ rẹ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, á ní, "Ẹ bi fèrè. Òun ló mọ ibi tó wà."

Ohun kan wà nínú gbogbo iṣẹ́ yìí tí Nolfa kì í sọ, tí ará ìlú náà kì í bá a sọ.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún iná ńlá, iná gba inú oko igi páìnì wá, ó ká Manquilco mọ́ lọ́nà méjì. Táńkì omi kan ṣoṣo la ní, orí òkè ló wà. Páìpù kan ń sọ̀ kalẹ̀ wá sínú ìlú, èkejì ń lọ sí Los Boldos, abúlé kékeré tó wà lẹ́yìn òkè náà. Nígbà tó di ọ̀sán, omi kò lágbára mọ́. Ọkọ̀ panápaná dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, kò rí omi fà, iná sì ti dé ẹ̀yìn ọgbà wọn. Nolfa rán ọkọ̀ kan lọ sí Los Boldos pé kí gbogbo èèyàn jáde kíákíá. Òun fúnra rẹ̀ gun òkè lọ síbi táńkì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti páìpù Los Boldos pa. Gbogbo omi wá sí ìlú. Ilé àwọn arúgbó kò jó. Iléèwé kò jó. Ní Los Boldos kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n ilé mélòó kan jó, ọgbà àjàrà jó, màlúù méjì tí Don Rosamel Inostroza fi ń túlẹ̀ sì jóná mọ́ ibi tó so wọ́n sí.

Kò síbi tí wọ́n ti dá a lẹ́bi. Ọ̀gá kan tó wá láti olú ìlú tiẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ohun tó yẹ ló ṣe. Nolfa kó aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì jọ fún àwọn ará Los Boldos, ó fi rán àwọn ẹlòmíì. Òun fúnra rẹ̀ kò gun òkè náà lọ bá wọn. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ní iṣẹ́ ló pọ̀. Lọ́dún kejì, ó ní yóò dà bíi pé òun wá gba ọpẹ́ aṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kò wá àwáwí kankan mọ́, kò kàn lọ ni.

Àwọn aláṣẹ ìlú ṣèlérí nígbà náà pé àwọn máa gbé táńkì kejì sí Los Boldos. Àwọn kan wá wọn ilẹ̀, wọ́n lọ. Àwọn mìíràn wá, wọ́n tún un wọ̀n, wọ́n lọ. Nolfa lọ jókòó ní ìpàdé àwọn káńsẹ́lọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà gẹ́gẹ́ bí alága omi. Wọ́n á fún un ní kọfí, wọ́n á ní àwọn ò gbàgbé. Ìgbà tó ti ibi ìpàdé kan bẹ́ẹ̀ dé ni Zunilda, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe irun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, bá a sọ ọ́.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Kọfí wọn dùn," ni Nolfa wí.

"Wàá díje, Nolfa. Ìdìbò ń bọ̀."

"Ta ló máa dìbò fún mi?"

"Gbogbo ẹni tí ilé rẹ̀ ṣì wà níbi tó kọ́ ọ sí."

"Mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ."

"Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ ló wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ṣé o rí kòtò iwájú ṣọ́ọ̀bù mi?"

Nolfa rò ó títí. Nígbà tó gbà, ilé panápaná ló kọ́kọ́ gbà lọ. Don Evaristo ti kú; Lautaro ọmọ rẹ̀ ni ọ̀gá báyìí, ọmọ tó ti jẹ ẹ̀wà Nolfa ní iléèwé rí. Ó ń fi òróró sí okùn àkàbà nígbà tí Nolfa wọlé.

"Mo ti gbọ́, Doña Nolfa," ni Lautaro wí. "Inú mi dùn. Àmọ́ ẹ mọ òfin wa. Aṣọ iṣẹ́ ò gbọdọ̀ dé ibi òṣèlú, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ polongo ìbò nínú ilé yìí."

"Èmi ni mo bá bàbá ẹ kọ òfin yẹn. Mo wá sọ nǹkan míì ni. Láti òní títí ìbò máa kọjá, tí fèrè bá dún, ẹ má retí mi."

Lautaro gbé okùn sílẹ̀. "Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí ilé ẹnì kan máa jó kó máa rò ó pé ìbò ni mo wá wá."

"Ta ló máa rò bẹ́ẹ̀ nípa yín?"

"Èmi alára," ni Nolfa wí. Ó yọ akoto rẹ̀ lórí ìkọ́, ó gbé e fún un pé kó máa tọ́jú rẹ̀.

Kó tó délé, Zunilda ti tẹ pósítà. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ láti ilé epo dé ṣọ́ọ̀ṣì: Nolfa nínú aṣọ panápaná, akoto lórí, èéfín lẹ́yìn rẹ̀. Àwòrán náà dára. Nolfa ní kí wọ́n já gbogbo rẹ̀. Zunilda bínú débi pé kò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣùgbọ́n ó bá a já a. Nígbà tí òmíràn jáde, Nolfa kò dé nǹkan kan lórí, Zunilda fúnra rẹ̀ ló ṣe irun náà, ó fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ sí i. Kò pẹ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ ni ìyá arúgbó kan dúró síwájú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì.

"Ta nìyí?"

"Nolfa ni, Doña Filomena," ni Zunilda wí.

"Nolfa wo?"

"Nolfa panápaná."

Ìyá náà tún un wò. "Ẹ má purọ́ fún mi. Nolfa panápaná ò ní irun."

Báyìí ni ìpolongo ìbò náà ṣe ń lọ. Kò rọrùn fún un láti kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn nígbà tí nǹkan kan ò jó níbẹ̀. Wọ́n á ní kó jókòó, wọ́n á gbé tíì fún un, òun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo wáyà iná tó ṣí sílẹ̀ lára ògiri wọn, á gbàgbé ohun tó wá sọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rántí rẹ̀ sí rere. Àwọn míì ní iṣẹ́ panápaná yàtọ̀ sí iṣẹ́ káńsẹ́lọ̀. Òun náà kò jiyàn, ó ní bóyá ó yàtọ̀ lóòótọ́.

Lára àwọn tí wọ́n jọ ń díje ni Don Baldomero Iturra, tó ń ta ìṣó àti páànù. Káńsẹ́lọ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó fẹ́ padà síbẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Lẹ́yìn iná ńlá, ó fún àwọn ará Los Boldos ní páànù lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Nígbà tí ìbò kù díẹ̀, ilé rédíò ìlú pe àwọn méjèèjì wá sórí ètò òwúrọ̀ kan náà. Yàrá kékeré ni, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gbára. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ sọ, wọ́n sọ ti ilé ìwòsàn, Nolfa ń dáhùn ní kúkúrú. Ìgbà náà ni Don Baldomero yí àga rẹ̀ sí i.

"Doña Nolfa, gbogbo wa la bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n káńsẹ́lọ̀ gbogbo ìlú lẹ fẹ́ jẹ. Ṣé Los Boldos wà lára ìlú lójú tiyín? Mo bi yín, lọ́jọ́ tí iná dé bá wọn, ta ló ti omi wọn pa?"

Nolfa la ẹnu láti dáhùn, fèrè iná sì dún.

Ẹ̀gbẹ́ kejì gbàgede ni ilé panápaná wà sí ilé rédíò. Ariwo náà gba ojú fèrèsé wọlé, ó gba inú ẹ̀rọ lọ sórí afẹ́fẹ́, tó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni gbogbo ìlú gbọ́ ọ. Nolfa ti dìde dé ìdajì kó tó mọ̀ pé òun dìde. Ó padà jókòó. Ó gbọ́ bí ẹ̀rọ ọkọ̀ náà ṣe kọ̀, tó tún kọ̀, kó tó dáhùn. Ó gbọ́ bó ṣe yà sápá ibi tí wọ́n ti ń lọ ọkà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ilé tó wà lọ́nà ibẹ̀ lọ́kàn: ilé Doña Filomena, ilé tíṣà, ilé àwọn ìbejì. Olóòtú ètò pe orúkọ rẹ̀. Ó tún un pè. Nolfa kò gbọ́.

Don Baldomero ló rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ lọ, Doña Nolfa. Ẹ máa lọ. A ó dúró dè yín."

"Mi ò lọ. Mo ti sọ pé mi ò ní lọ títí ìbò á fi kọjá." Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ itan bí ọwọ́ ọmọ tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan nǹkan. "Ẹ tún ìbéèrè yín bi mí."

Don Baldomero kò fẹ́ bi í mọ́, ṣùgbọ́n ó bi í.

"Èmi ni," ni Nolfa wí. "Èmi ni mo tì í."

Wọ́n retí kó sọ ìyókù. Kò sọ ọ́. Olóòtú fi orin sí i.

Ihò èéfín ìdáná kan ló gbiná lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti pa á kí orin náà tó parí, kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n ẹnu kò dákẹ́. Nílé búrẹ́dì, obìnrin kan sọ ọ́ sí i létí, "Mo gbọ́ pé ẹ̀yin náà ti ń jókòó báyìí tí iná bá ń jó." Nolfa gba búrẹ́dì rẹ̀, ó ní ó dàbọ̀. Àwọn kan ní aláṣejù ni, pé ta ló ní kó má lọ. Àwọn kan ní ẹni tó lè mú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣẹ débẹ̀ yẹn, kò ní ta ìlú. Ó gbọ́ apá méjèèjì, kò sì rí èyí tó tù ú nínú.

Nírọ̀lẹ́, Eleodoro ń fa mate, tíì ewé tí a máa ń fi ọ̀pá fà mu nínú igbá kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó bu omi gbígbóná sí i, ó gbé e fún un.

"O dá a lóhùn," ni Eleodoro wí.

"Mo dá a lóhùn."

"Don Baldomero lo dá lóhùn. Òun kọ́ ni màlúù ẹ̀ jó."

Nolfa fa mate náà tán kó tó dá igbá rẹ̀ padà.

Nígbà tí Zunilda gbọ́ pé ó ń lọ sí Los Boldos, ó fi òòyà sílẹ̀ nínú irun oníbàárà. "Ìbò wo ló wà níbẹ̀?"

"Mi ò torí ìbò lọ."

"Ta ló máa gba ìyẹn gbọ́ lásìkò yìí? Dúró kí ìbò kọjá kó o tó lọ."

"Tí mo bá wọlé, á dà bíi pé mo wá fi ipò hàn wọ́n. Tí mi ò bá wọlé, mi ò ní lọ. Mo mọ ara mi, Zunilda."

Eleodoro fi ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ gbé e dé ìsàlẹ̀ òkè. Ó ní òun á dúró síbẹ̀, pé ẹ̀rọ ọkọ̀ òun ń gbóná jù, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan tó ṣe ẹ̀rọ náà. Nolfa fẹsẹ̀ rìn ìyókù. Igi àjàrà tuntun ti ń yọ ewé. Ó bá Don Rosamel nínú wọn, ó ń fi okùn di ẹ̀ka mọ́ wáyà. Ọkùnrin náà ti darúgbó ju bí Nolfa ṣe rántí rẹ̀ lọ. Ó rí i, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Don Rosamel."

"Káàárọ̀. Pósítà yín dà?"

"Mi ò mú un wá."

"Ó dáa. Ibi tá a máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ò sí, ògiri ti jó."

Nolfa gbà á bẹ́ẹ̀. Ó dúró.

"Mo gbọ́ yín ní rédíò," ni Don Rosamel wí. "Ẹ sọ òótọ́ kúkúrú kan. Ó wá ku ẹyọ ìbéèrè kan tí Baldomero ò bi yín. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la ńkọ́?"

Nolfa ti mọ̀ pé ìbéèrè náà ń bọ̀. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń wá ìdáhùn tó dùn ún gbọ́, kò rí i. "Màá tún tì í," ni Nolfa wí. "Àwọn arúgbó yẹn ò lè rìn."

Don Rosamel so kókó okùn kan, ó fà á le. "Ìyẹn lẹ gun òkè wá sọ fún mi?"

"Rárá. Mo wá sọ pé ó yẹ kí n ti wá nígbà náà, kí ilẹ̀ ibí tó tutù. Mo fi aṣọ ránṣẹ́, èmi ò wá. Ojú yín ni mò ń sá fún."

Don Rosamel mú ẹ̀ka mìíràn, ó so ó mọ́ wáyà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ìjà kò sí nínú ohùn rẹ̀ mọ́.

"Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe lẹ́yìn iná yẹn? Mo gbé ìyàwó mi dé ìsàlẹ̀, mo sáré padà wá láti da omi sí ilé màlúù. Mo ṣí ẹ̀rọ omi, kò yọ. Mo gbà pé páìpù ti já ni. Lẹ́yìn tí ibí yìí tutù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í hú ilẹ̀. Mo hú u láti ẹnu ọ̀nà mi lọ sókè, mò ń wá ibi tó ti já. Gbogbo ìgbà òjò ọdún yẹn ni mo fi hú u. Mo rò ó pé tí mo bá ti rí ibi tó já, màá mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi mi, pé kì í ṣe èmi ni mi ò tètè dé. Ọjọ́ tí mo lọ ra irúgbìn ọ̀dùnkún ní ìlú ni ẹnì kan tó ń rẹ́rìn-ín sọ fún mi pé kò já, ẹ̀yin lẹ tì í." Ó tú okùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ so, ó tún un so. "Mi ò fẹ́ aṣọ. Ẹni tó máa wá sọ fún mi pé kí n yé hú ilẹ̀ ni mo fẹ́."

Nolfa ti múra sílẹ̀ de èébú. Nínú gbogbo ohun tó ti rò pé ọkùnrin yìí á fi kan òun, kò ro eléyìí rí. Ó bá ara rẹ̀ tó ń sunkún láàárín oko àjàrà ẹlòmíì, òun tí wọn ò rí omi lójú rẹ̀ rí àfi ti èéfín.

Doña Edelmira, ìyàwó Don Rosamel, ló gbé àpótí jáde láti inú ilé, ó gbé e sábẹ́ igi, ó ní, "Ẹ jókòó. Rosamel, fi okùn yẹn sílẹ̀, o ti so ó tó." Ó gbé mate wá, ó kọ́kọ́ fún Nolfa. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Wọ́n sọ orúkọ àwọn màlúù náà fún un: Clavel ni ọ̀kan, Lucero ni èkejì. Wọ́n sọ bí Lucero ṣe máa ń kọ̀ láti ṣiṣẹ́ tí Don Rosamel ò bá kọrin. Wọ́n sọ pé àwọn tó wá wọn ilẹ̀ táńkì wọ̀n ọ́n sí ibi tí omi ò ti lè sọ̀ kalẹ̀ dé ilé tó wà lókè jù. Nolfa bi wọ́n pé ibo ló yẹ kó wà. Don Rosamel dìde, ó mú un lọ wò ó.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, Don Rosamel sìn ín dé ojú ọ̀nà.

"Mi ò ní dìbò fún yín, Doña Nolfa. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa retí ẹ̀."

"Mo gbọ́, Don Rosamel."

"Àmọ́ ẹ máa wá."

Eleodoro wo ojú rẹ̀ nígbà tó wọ ọkọ̀. Ó ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n lọ sílé.

Nolfa wọlé, ṣùgbọ́n òun ló ṣe ìkẹyìn nínú àwọn tó wọlé, títí wọ́n fi ka àpótí ìbò tó gbẹ̀yìn ni wọn ò mọ̀ bóyá òun ni tàbí olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Don Baldomero náà wọlé, tòun ti ìbò tó pọ̀ ju ti Nolfa lọ dáadáa. Ìbò tí Nolfa rí ní Los Boldos kò tó ohun tí èèyàn ń sọ. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ gba akoto rẹ̀ lọ́wọ́ Lautaro.

Iṣẹ́ káńsẹ́lọ̀ kò rí bí iṣẹ́ iná. Nídìí iná, o máa mọ̀ tó bá ti kú. Ní ìpàdé, wọ́n á fọwọ́ sí nǹkan kan, yóò tún dìde lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ táńkì náà rí bẹ́ẹ̀. Nolfa ní ibi tí wọ́n wọ̀n ọ́n sí kò dára. Wọ́n ní àwọn tó wọ̀n ọ́n kàwé. Ó ní kí gbogbo wọn wá gun òkè pẹ̀lú òun. Don Baldomero nìkan ló kọ́kọ́ gbà, torí ó fẹ́ mọ bí páànù tó fún wọn ṣe rí. Orí òkè náà ló ti mí hẹlẹhẹlẹ, ó wo ibi tí Don Rosamel ń tọ́ka sí, ó ní, "Ó ti tó. Màá bá yín dìbò fún un. Ẹ ṣáà bá mi wá ibi tí mo lè jókòó." Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá kí wọ́n tó gbé táńkì náà dúró, kò sì tóbi tó bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ.

Nolfa bẹ ẹgbẹ́ panápaná pé kí wọ́n fi rọ́bà omi àti ẹ̀rọ kékeré kan sí Los Boldos, kí wọ́n kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní iṣẹ́. Àwọn tó wá kẹ́kọ̀ọ́ kò pọ̀. Don Rosamel wá, ó ní wíwò lòun wá wò. Ó wò ó títí, ó wá ní àwọn ọ̀dọ́ yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń di nǹkan mú, ó gba orí rọ́bà lọ́wọ́ wọn. Omi tì í lulẹ̀. Edelmira rẹ́rìn-ín débi tó fi di ìhà mú. Ọ̀sẹ̀ kejì, Don Rosamel ló kọ́kọ́ dé.

Lẹ́ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, iná tún jáde nínú oko igi yukalíptọ̀ọ̀sì tó wà lápá òkè Los Boldos. Fèrè dún ní ìlú, Nolfa wà nínú ọkọ̀ tó kọ́kọ́ jáde. Kì í gun àkàbà mọ́, ìdí ẹ̀rọ ló ń wà báyìí. Ìgbà tí wọ́n fi máa dé òkè, àwọn ará Los Boldos ti dá iná náà dúró sójú ọ̀nà. Ilẹ̀ ṣì ń rú èéfín, ojú gbogbo wọn dúdú. Wọ́n jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ẹnì kan ń la bàrà.

Nolfa yẹ ibi tó jó wò láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe, láti mọ̀ bóyá iná ṣì wà nísàlẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún da omi síbi méjì kan. Don Rosamel dìde lọ da á, ó ń kùn pé òun ti dà á síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó bá Nolfa tó ti jókòó síbi tí òun dìde, tó ń jẹ bàrà, ó wá àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ní kó sún.